₦120,000, Olùkọ́ Méjìlá: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Wo Ló Tó Sanwó Fún?

Ìbéèrè: "Ọ̀gá olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan n'Íbàdàn, olùkọ́ méjìlá ló wà lábẹ́ mi. Ẹni tó ni ilé-ìwé ti ya ₦120,000 sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́dún yìí, ó ní kí n yan èyí tí a óò ṣe. Ojoojúmọ́ ni ìkéde ń wọlé lórí WhatsApp. Èyí tó wu àwọn olùkọ́ jù ni ti ọjọ́ méjì orí Zoom, ₦10,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní sátífíkéètì rẹ̀ jẹ́ ti àgbáyé, a ó sì máa fi oyè kan ṣáájú orúkọ wa. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fi owó olówó ṣòfò. Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó?"

Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. A ò sọ pé jìbìtì ni o. Ohun tí ẹ kọ kò tíì tó láti fi dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìbéèrè yín kà: ọjọ́ méjì, Zoom, sátífíkéètì, oyè. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ yín ò sí níbẹ̀. Bí ìkéde náà fúnra rẹ̀ kò bá sọ ọ́, ẹ ti rí àmì àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nǹkan méjì ni olùkọ́ ń fi owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rà: ìwé, àti ohun tí yóò yí padà nínú kíláàsì. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn ra ọ̀kan láìra èkejì, bó bá ṣáà ti mọ èyí tó ń rà. Ìgbà tí wọ́n bá ta ìwé fún wa lórúkọ ẹ̀kọ́ ni wàhálà ń dé. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé ṣáájú, torí òun ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò.

Ta ni yóò ka ìwé náà?

Ọwọ́ ẹni tí yóò ka ìwé-ẹ̀rí ni iyì rẹ̀ wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dárúkọ ẹni náà: ṣé SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ìpínlẹ̀, ni, ṣé ilé-ìwé míì tí olùkọ́ fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ni, àbí òkè òkun? Òun ni kí ẹ bi bóyá ó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tó ń tà á kọ́ ló máa sọ fún yín.

Ní Nàìjíríà, TRCN ni òfin gbé ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́ lé lọ́wọ́, òfin nọ́ńbà 31 ti ọdún 1993. Kò sẹ́ni tó ń fi ọjọ́ méjì orí Zoom gba ìwé TRCN. Ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ bíi NCE, B.Ed. tàbí PGDE ló sábà máa ń jókòó ṣe PQE, ìdánwò TRCN, lórí kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ka físíìsì tàbí ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì, tí kò ka ìmọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn, PGDE, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní dìgírì, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ ṣe. NTI, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Kàdúná, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, ń ṣe é fún àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́. NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn lè máa kà láti ilé, náà ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tó bá ní òun yóò bá yín gba ìwé TRCN láìjókòó ṣèdánwò, ẹ̀wọ̀n ló fẹ́ tà fún yín. Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ ka àwọn olùkọ́ yín: mélòó nínú wọn ni kò tíì ní ìwé yìí? Bí iṣẹ́ ìwé ni ẹ bá fẹ́ ṣe lọ́dún yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

TRCN tún ní ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, MCPD ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń fọwọ́ sí i pé kí àwọn ará ìta ṣe é. Ìdí nìyí tí "TRCN approved" fi kún orí ìkéde bí ewé oko. Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà ìfọwọ́sí ránṣẹ́, kí ẹ wo nǹkan mẹ́ta lórí rẹ̀: orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gẹ́lẹ́, ètò tí wọ́n fọwọ́ sí, àti ọdún tó kàn. Lẹ́tà tí wọ́n kọ fún sẹ́mínà kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kò bo èyí tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání lọ sí ọ́fíìsì TRCN ti ìpínlẹ̀ yín. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà. Ẹni tó lè ṣe ayédèrú lẹ́tà lè tẹ nọ́ńbà àbúrò rẹ̀ sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ohunkóhun tó bá yá jù. Ní Oṣù Kejìlá 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé e jáde bí akọ̀ròyìn rẹ̀ kan ṣe gba dìgírì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ọdún 2024 ṣe ń wọlé ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá àyẹ̀wò dìgírì láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Àwọn tó jókòó kàwé wọn dáadáa lọ́hùn-ún náà jẹ nínú ìyà yẹn.

Ní ti "àgbáyé": ilé-iṣẹ́ tó kọ "UK registered" lè máa sọ òótọ́, kí òótọ́ náà má sì wúlò fún yín. Ẹnikẹ́ni, níbi yòówù kó wà, lè forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Companies House ti Ìlú Ọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "CPD accredited", òǹtẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, náà ńkọ́? Kò sí àjọ ìjọba kan ní Ìlú Ọba tí òfin gbé òǹtẹ̀ yẹn lé lọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń tà á, àwọn kan ń yẹ ẹ̀kọ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àwọn kan ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì UNESCO tàbí British Council lórí ìkéde, ẹ lọ sí ojú òpó UNESCO tàbí British Council fúnra yín, kí ẹ wá orúkọ ètò náà níbẹ̀. Ẹ má tẹ ìlujá tí olùtajà fi ránṣẹ́. Kóòdù tí wọ́n ní kí a fi fóònù yẹ̀ wò lẹ́yìn sátífíkéètì, ojú òpó ẹni tó tẹ sátífíkéètì náà ló ń gbé yín lọ. Ó ń jẹ́rìí pé òun ló tẹ̀ ẹ́. Ta ló bá a jiyàn?

Nọ́ńbà CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń sọ pé ilé-iṣẹ́ náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀fẹ́ ni, kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi orúkọ náà wá a lójú òpó CAC. Bí ó bá gbé "inactive" jáde, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọn kì í ṣe ìròyìn ọdọọdún tí òfin béèrè. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi "National" tàbí "Chartered" sórúkọ láìgbàṣẹ lọ́dọ̀ CAC; orúkọ tó bá ń dún bí ààrá, tí CAC kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ yín lè máa ro ti òkè òkun, kò sì burú. Láti Oṣù Kejì 2023, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà QTS, ìyẹn ipò olùkọ́ tó kún ojú òṣùwọ̀n níbẹ̀, sílẹ̀ fún lójú òpó gov.uk. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè náà, kò nílò alágbàṣe kankan. Nígbà tí wọ́n ṣí i, olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ni wọ́n ṣí i fún láti ọ̀dọ̀ wa, lẹ́tà TRCN tó jẹ́rìí pé olùkọ́ náà wà ní ipò tó dára sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, sátífíkéètì Zoom kò sì lè tì í wọlé. QTS gan-an kì í ṣe físà, kì í ṣe iṣẹ́.

Oyè? Ẹ jẹ́ ká fi oyè sílẹ̀ fún àwọn ọba wa.

Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì

Ẹ bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun nípa ìdíye. Owó TRCN àti NTI, àpò ìjọba àpapọ̀ ló ń wọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kó owó àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba sínú àkáǹtì kan ṣoṣo ní 2015. Rìsíìtì ìjọba, irú bíi ti Remita tó ní nọ́ńbà RRR, ni ẹ máa rí, orúkọ àjọ náà yóò sì hàn lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó TRCN sínú àkáǹtì "Màmá Tóbi", ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, orúkọ àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ rí ní CAC mu. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó nílò BVN, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ATM tàbí kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́ sí fóònù. "Ẹ̀dínwó yóò parí ní aago méjìlá òru òní" náà wà níbẹ̀: ẹ dúró ọjọ́ mẹ́jọ, kí ẹ tún wo ìkéde náà. Ẹ ó rí i pé òru yẹn kò tíì dé.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?

Gbogbo èyí tí a ti sọ ń yọ gbájú-ẹ̀ kúrò ni. Kò tíì yọ olóòótọ́ tí kò mọ iṣẹ́, irú àwọn yẹn ló sì ń jẹ owó ilé-ìwé jù. Ilé-iṣẹ́ wọn wà ní CAC, àkáǹtì wọn mọ́, wọ́n tiẹ̀ ń fún yín ní oúnjẹ ọ̀sán. Ìbéèrè kan ló ń tú wọn fó. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ ní: "Kí ni olùkọ́ Práímárì Kìíní mi yóò máa ṣe lọ́jọ́ Ajé tí kì í ṣe lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nǹkan kan pàtó ni yóò sì dárúkọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa sọ pé ojú yín yóò là, ẹ ó di olùkọ́ òde òní.

Ẹ jẹ́ ká fi phonics, ìyẹn fífi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ètò tó ń lo ìró 42, s, a, t, i, p, n ló máa ń ṣáájú, torí ọmọ lè tètè fi wọ́n tò "sat", "pin", "tap" kí ó tó mọ ìyókù. Ẹnikẹ́ni lè sọ ìyẹn fún ènìyàn 800 lórí Zoom. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ẹnu olùkọ́. P tiwa ní Yorùbá, ẹ̀yìn ẹnu àti ètè ló jọ ń gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ò ní v, a ń fi f dípò rẹ̀. A ò ní z, s ló ń jáde. Ch ń di ṣ, th ń di t tàbí d. Èyí tó tún le jù ni pé sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì bíi t tàbí s parí, nítorí náà olùkọ́ ń so fáwẹ̀lì mọ́ ọn láìmọ̀: s di "sù", t di "tì". Ọmọ tí a ní kó so s, a, t pọ̀ á wá pè é ní "sù-à-tì", kò ní débi "sat" láéláé. Olùkọ́ á ní olódo ni ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ohun tí a kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ń sọ.

Àfi kí ẹnì kan gbọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, kó sì tún un ṣe, ni àṣìṣe yẹn tó lè kúrò. Ẹ bá wa ṣírò. Olùkọ́ méjìlá nínú yàrá kan, wákàtí mẹ́ta: bí ìdajì àkókò bá jẹ́ ti ìdánrawò, ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 800 lórí Zoom, wákàtí méjì: bí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kò bá tiẹ̀ la ẹnu rẹ̀ rárá, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án ló kan yín. Ẹ fi ìṣirò, lẹ́sìn nóòtì tàbí bí a ṣe ń kó àwọn ọmọ níjàánu rọ́pò phonics, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìbéèrè kejì tí ẹ máa bi wọ́n nìyẹn: ta ni yóò wò mí bí mo ṣe ń ṣe é, ìgbà wo ló sì máa padà wá?

Ní 2018, Matthew Kraft, David Blazar àti Dylan Hogan kó ìwádìí 60 jọ lórí irú ìtọ́sọ́nà tí ẹnì kan ń wọ kíláàsì olùkọ́, tó ń wò ó, tí wọ́n sì ń jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ìkọ́ni dára sí i, èsì àwọn ọmọ náà gòkè. Ṣùgbọ́n bí ètò bá ti di ti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ olùkọ́, èrè náà ń dín kù. Ẹ rántí ìyẹn bí ẹnì kan bá ń fi iye ẹgbẹ̀rún olùkọ́ tó ti kọ́ yangàn.

Ẹ tún bèèrè ìwé tí wọ́n pín fún àwọn tó wá lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ bá rí àwòrán tó ní a ń rántí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a kà, 20 nínú ohun tí a gbọ́, títí dé 90 nínú ohun tí a ṣe, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Wọn yóò dárúkọ Edgar Dale. Ní 1946 ni ará Amẹ́ríkà yẹn ya àwòrán tirẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kankan lórí rẹ̀. Àwọn míì ló fi kún un. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pín àwọn ọmọ sí afojúkọ́ṣẹ́, afetíkọ́ṣẹ́ àti afọwọ́kọ́ṣẹ́, kí ẹ máa kọ́ oníkálukú lọ́tọ̀: Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ ìrònú ọmọnìyàn mẹ́ta míì yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò ní 2008, wọn ò rí èyí tó tó láti fi ṣètò kíláàsì. A ò ní kí ẹ torí ojú ìwé kan lé olùdánilẹ́kọ̀ọ́ dànù, torí àṣìṣe yìí ti wọ́pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ ni wọ́n gbé gbogbo ọjọ́ kan kà, ó ti pẹ́ tí ẹni náà ti kàwé gbẹ̀yìn.

Níkẹyìn, ẹ gba orúkọ àwọn ilé-ìwé tí wọ́n lọ lọ́dún tó kọjá, kí ẹ yan méjì fúnra yín. Olùkọ́ ibẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ fi ẹni tó ni ilé-ìwé sílẹ̀. "Kí ni ẹ kọ́ níbẹ̀ tí ẹ ṣì ń ṣe títí di òní?" Bó bá jẹ́ ìrẹsì àti fọ́tò ni wọ́n rántí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa bọ̀ nílé.

Bí a ṣe lè ná ₦120,000 náà

Ìṣòro kan ṣoṣo ni kí ẹ fi owó yìí lé. Ẹ wá a kí ẹ tó wá olùdánilẹ́kọ̀ọ́: ẹ mú ọmọ márùn-ún láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ka ìpínrọ̀ kan sókè láti inú ìwé kíláàsì tó wà lábẹ́ tirẹ̀. Ìdajì ọjọ́ kan tó. Ká ní ìwé kíkà ni ibi tó ń jò: ẹ bá ẹnì kan tó mọ phonics ṣe àdéhùn ọjọ́ kan nínú ilé-ìwé yín, kó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti jókòó sínú kíláàsì. Ẹ pín owó rẹ̀: ₦40,000 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ₦25,000 ní ìpadàbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìpadàbọ̀ kejì máa ń di "màá pè yín". ₦90,000 nìyẹn, ₦30,000 tó kù wà fún dátà àti ìwé títẹ̀. Bí ẹni tó dáńgájíá bá ní owó náà kéré, ẹ pe ilé-ìwé kan ládùúgbò kí ẹ jọ dá a, ẹ má kàn jẹ́ kí iye yín nínú yàrá ju mẹ́rìnlélógún lọ.

Láàárín ìgbà tó bá fi máa padà, ẹ so àwọn olùkọ́ ní méjì-méjì, orí mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á wo ẹnì kejì fún ogún ìṣẹ́jú, ohun kan ṣoṣo ni yóò sì máa wò. Ìlà mẹ́ta ni yóò kọ: ohun tí olùkọ́ ṣe, ohun tí àwọn ọmọ ṣe, ohun kan láti dán wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi í sórí táìmù tébù pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò di kíláàsì mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ má sì fi ìwé ìlà mẹ́ta yẹn kọ kúẹ́rì sí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ojú-ayé fún ara wọn.

Àwọn ti ọ̀fẹ́ tó ṣeé fọkàn tán wà: OpenLearn ti Open University ní Ìlú Ọba, TESSA tí wọ́n kọ fún olùkọ́ Áfíríkà, àti TeachingEnglish ti British Council. Ẹni tó bá dá a ṣe nílé sábà máa ń já a jù sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ yan ènìyàn méjì sí ẹ̀kọ́ kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ilé-ìwé lọ́jọ́bọ̀, dátà ilé-ìwé ni kí wọ́n lò.

Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti sanwó Zoom yẹn, kó tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Bó bá rí i pé gbájú-ẹ̀ ni, kó pe báńkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe é ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí, FCCPC ló ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

Ní ti olùtajà yín, ẹ lè da èyí kọ ránṣẹ́ sí i lónìí: "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò kọ́ wa, kíláàsì wo ni onítọ̀hún kọ́ gbẹ̀yìn, lọ́dún wo? Ènìyàn mélòó ni yóò wà níbẹ̀? Kí ni olùkọ́ wa yóò máa ṣe nínú kíláàsì lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò sì wá wò ó? Ẹ fi ìwé tí ẹ pín lọ́dún tó kọjá, orúkọ ilé-ìwé márùn-ún tó wá, nọ́ńbà CAC àti orúkọ àkáǹtì yín ránṣẹ́." Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ẹ̀dínwó tuntun ló fi dáhùn, ẹ ti gba èsì yín.